Àwo Méjì Tí Kò Hàn Nínú Gíráàfù Wa

Díẹ̀ ló kù kí n fi gíráàfù tí kò sọ òótọ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà tó ń tẹ ìwádìí jáde. Iṣẹ́ tí à ń ṣe ní láàbù nígbà náà ni láti mọ bí oògùn kan ṣe ń pa bakitéríà sí. A óò fi oògùn sínú omi tí bakitéríà wà, a óò máa bù díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, a óò tẹ́ ẹ sórí àwo, a óò gbé àwo náà síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, a óò ka iye tó hù. Ní wákàtí kẹfà, àwo márùn-ún ni mo kà. Ọ̀kan hu 20, ọ̀kan hu 40, ọ̀kan hu 60. Méjì tó kù mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan lórí wọn.

Mo tẹ nọ́ńbà máràárùn-ún sínú sọ́fítíwíà tí à ń lò. Mo ní kí ìlà ẹ̀gbẹ́ jẹ́ log, ìyẹn ìlà tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí bakitéríà tó bẹ̀rẹ̀ ní mílíọ̀nù kan tó wá ṣẹ́ ku ogún, ojú kò lè rí ogún yẹn lórí ìlà tí kì í ṣe log. Gíráàfù jáde, ó wuyì. Àmì wákàtí kẹfà jókòó sórí 40.

Àbúrò kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló dúró lẹ́yìn mi tó ń wò ó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe 24 ló yẹ kó wà níbẹ̀?” Ó na ìwé tí a fi ń ka àwo sí mi. 20 àti 40 àti 60, ó di 120; ẹ pín in sí márùn-ún, ó di 24. Mo ṣírò rẹ̀, mo tún un ṣírò, 24 náà ni. Ìgbà tí mo tú ibi ètò sọ́fítíwíà náà wò ni mo rí ohun tó ṣe. Òdo kò ní log. Dípò kó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó yọ àwo méjì tó jẹ́ òdo kúrò, ó pín 120 sí mẹ́ta. Kò kìlọ̀, kò fi àmì kankan sí ìsàlẹ̀ gíráàfù. Àwo méjì tí oògùn náà ti ṣiṣẹ́ jù lọ ló sọ nù, oògùn wá dà bí èyí tí kò lágbára tó bó ṣe lágbára.

Òdo lórí àwo kò túmọ̀ sí pé bakitéríà ti tán pátápátá nínú omi náà. Ó túmọ̀ sí pé iye tó kù kéré ju ohun tí àwo wa lè mú. Bó ṣe yẹ ká yà á ni pé ká fa ìlà kan síbi tí agbára ìkà wa parí sí, ká fi àmì ọ̀tọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìlà náà. Ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kí n pinnu ìyẹn, mi ò sì lè pinnu lórí ohun tí a fi pa mọ́ fún mi.

Ọ̀gá wa gbọ́, wọn kò pariwo. Wọ́n ní ká yẹ gbogbo gíráàfù onílog tí a ti yà rí wò, wọ́n sì ní kí n wá sọ́fítíwíà mìíràn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣe é. Ohun tí mo kọ́ nínú oṣù méjì yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń fi nọ́ńbà ṣiṣẹ́ ló ń yan sọ́fítíwíà bí mo ṣe ń yàn án tẹ́lẹ̀: bó bá ti ya gíráàfù tó rẹwà, tí ẹni tó jókòó tì wá sì ń lò ó, ó parí.

Àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà fi tiwọn hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yí gíráàfù oníhà mẹ́ta síwá sẹ́yìn, àwọ̀ ń dán, ìlà ń yọ́ gba àárín àmì bí ẹni pé ẹnì kan ti bá wọn ṣètò rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé détà tí gbogbo wọn ń lò ti mọ́ jù. Kò sí òdo nínú rẹ̀, kò sí àyè tó ṣófo, kò sí ibi tí ẹnì kan ti kọ “kò hù” sáàárín nọ́ńbà. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi fáìlì tiwa ránṣẹ́ sí wọn, èyí tó rí rúdurùdu jù lọ, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí i níṣojú mi. Ọ̀kan ka àyè òfìfo sí òdo. Òfìfo kì í ṣe òdo! Òfìfo ni àwo tó fọ́ kí a tó kà á. Òdo ni àwo tí a kà, tí kò hu nǹkan kan. Sọ́fítíwíà tí kò bá lè ya méjì yìí sọ́tọ̀, mi ò bá a lọ síwájú mọ́. Ìwà lẹwà, ti sọ́fítíwíà náà kò yàtọ̀.

Ọ̀nà tí mo wá ń gbà lẹ́yìn náà ni pé ìbéèrè tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í, kí n tó gbé èyí tí mi ò mọ̀ síwájú rẹ̀.

Mo fi nọ́ńbà mẹ́jọ péré bẹ̀rẹ̀: 2, 4, 4, 4, 5, 5, 7, 9. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 5, èèyàn lè ṣe é lórí. Mo wá béèrè SD, òṣùwọ̀n bí nọ́ńbà ṣe fọ́n ká sí ìpíndọ́gba wọn. Àwọn kan dáhùn pé 2, àwọn kan ní 2.138. Mo kọ́kọ́ rò pé apá kan nínú wọn kò mọ ìṣirò, àfi ìgbà tí mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò. Ẹ wo bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí 5 tó, ẹ fi ìyàtọ̀ náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò fún yín ní 32. Ẹni tó bá pín 32 sí mẹ́jọ yóò rí 4, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 2. Ìyẹn wà fún ẹni tó jẹ́ pé nọ́ńbà mẹ́jọ náà ni gbogbo ohun tó fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá pín in sí méje yóò rí 2.138; ìyẹn wà fún irú wa, tó jẹ́ pé díẹ̀ la bù wò nínú ohun tó pọ̀. NumPy, irinṣẹ́ ìṣirò tó wà fún Python tí í ṣe èdè kọ̀ǹpútà, máa ń pín in sí mẹ́jọ bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó ṣe ohun mìíràn. R, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn tí wọ́n ṣe fún ìṣirò détà, ń pín in sí méje. Pandas, tó jẹ́ pé inú Python kan náà lòun náà wà, ń pín in sí méje. Ẹni méjì lè jókòó sídìí tábìlì kan, kí wọ́n lo détà kan náà, kí wọ́n sì máa bára wọn jiyàn fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò retí pé kí sọ́fítíwíà yan èyí tí mo fẹ́. Kó sáà ti kọ èyí tó yàn síbi tí ojú mi á ti rí i.

Èyí ló gbé mi dé ibi tó ká mi lára jù, ìyẹn error bar, àwọn ọ̀pá kéékèèké tó máa ń yọ lókè àti nísàlẹ̀ àmì. Ẹ mú nọ́ńbà mẹ́jọ yẹn náà. Bí ọ̀pá bá dúró fún SD, ó fi 2.14 yọ lókè, ó fi 2.14 yọ nísàlẹ̀. Bó bá dúró fún SEM, ìyẹn SD tí a fi gbòǹgbò iye nọ́ńbà pín, ó di 0.76. Bó bá dúró fún ààlà ìdánilójú 95%, ìyẹn àyè tí a fojú bù pé ìpíndọ́gba tòótọ́ wà, ó di 1.79. Gíráàfù kan ṣoṣo ni o, ṣùgbọ́n ẹni tó rí ọ̀pá 0.76 yóò rò pé détà náà fara mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, ẹni tó rí 2.14 yóò mọ̀ pé ó fọ́n ká. Mo ti rí àwọn tó yan SEM torí pé ó kúrú, ó sì dùn ún wò, láìmọ̀ pé kì í ṣe ìfọ́nká détà ló ń wọ̀n. Bí ìpíndọ́gba fúnra rẹ̀ ṣe dájú tó ló ń wọ̀n, bí a bá sì ń fi kún iye àyẹ̀wò, yóò máa kúrú lọ bí détà tilẹ̀ fọ́n ká bí ó ti wà. Nínú sọ́fítíwíà mẹ́fà tí mo dán wò, méjì péré ló kọ orúkọ ọ̀pá tí wọ́n yà sára gíráàfù láìjẹ́ pé mo wá a kiri. Lọ́kàn mi, àwọn méjì yẹn ti ṣíwájú àwọn yòókù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fún wọn ní nọ́ńbà mẹ́ta: 1000000001, 1000000002, 1000000003. Ẹnikẹ́ni ló lè rí i pé SD wọn jẹ́ 1 bí ẹ bá pín in sí méjì bí àwa ṣe ń ṣe, tàbí 0.816 bí ẹ bá pín in sí mẹ́ta. Ọ̀kan dáhùn pé 0. Ojú nọ́ńbà bíi 15 sí 17 péré ni kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú dáadáa nínú nọ́ńbà kan. Bí ẹni tó kọ sọ́fítíwíà bá lo ọ̀nà tó ń sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kó tó yọ ìpíndọ́gba kúrò, nọ́ńbà ńláńlá méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ló ń yọ kúrò nínú ara wọn, ìyàtọ̀ kékeré tí à ń wá á sì ti bọ́ sọnù kó tó débẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò sẹ́ni tó ń lo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka àsìkò ní ìṣẹ́jú-àáyá láti 1970 ń kọ nọ́ńbà tó ti kọjá bílíọ̀nù kan lójoojúmọ́.

Èmi kọ́ ni mo dá irú ìdánwò yìí sílẹ̀. NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, ti kó détà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ yìí gan-an, ọ̀fẹ́, pẹ̀lú ìdáhùn tí wọ́n ti jẹ́rìí sí dé ojú nọ́ńbà 15 fún ìṣirò linear, dé 11 fún èyí tí kì í ṣe linear. Détà Longley wà níbẹ̀, ìlà mẹ́rìndínlógún péré. Láti 1967 ni Longley ti fi í dán àwọn ètò kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà wò, tí ìdáhùn wọn kò sì bára mu. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní Filip ló tú ìwà àwọn sọ́fítíwíà síta fún mi jù: àmì 82, kí ẹ sì fa ìlà polynomial onípele 10, ìyẹn èyí tó ń lo x títí dé agbára kẹwàá, gba àárín wọn. Ọ̀kan ṣe é, ó tọ̀nà dé ojú nọ́ńbà méje. Ọ̀kan kọ̀, ó ní àwọn òpó détà náà jọra wọn jù, òun kò lè fún mi ní ìdáhùn tó ṣeé gbára lé. Ọ̀kan dáhùn kíákíá, ó kọ R², òṣùwọ̀n bí ìlà ṣe bá àmì mu tó, tó ga sí i, kò sì sí ẹyọ kan tó tọ̀nà nínú nọ́ńbà mọ́kànlá tó kọ fún mi. Èyí tó kọ̀ yẹn, mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an.

Ìlà tó tẹ̀ ni iṣẹ́ wa ojoojúmọ́, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti lo àkókò jù. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ń gbà wá ìlà bẹ́ẹ̀ ni Levenberg-Marquardt, tí Levenberg kọ ní 1944, tí Marquardt tún ṣe ní 1963. Ẹ ní láti sọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ fún un. Ó wá dà bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè nínú kùrukùru: ibi tó rẹlẹ̀ jù ló ń wá, àmọ́ kòtò àkọ́kọ́ tó bá já sí lè tàn án pé òun ti débẹ̀. NIST mọ èyí, wọ́n fi ibẹ̀rẹ̀ méjì sí détà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan jìnnà sí ìdáhùn, ọ̀kan sún mọ́ ọn. Gbogbo sọ́fítíwíà tí mo dán wò ló dé ibi tó yẹ bí mo bá fi wọ́n sí èyí tó sún mọ́. Láti ibi tó jìnnà ni ọ̀nà ti pín. Àwọn kan dúró, wọ́n ní àwọn kò rí ọ̀nà lọ. Ọ̀kan kọ ọ́ pé òun ti yanjú rẹ̀, pẹ̀lú àmì aláwọ̀ ewé, ìdáhùn rẹ̀ sì jìnnà réré sí òótọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba ìlà kankan mọ́ àfi kí n ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì já síbì kan.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn jù, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. A sábà máa ń mọ iye àṣìṣe tó wà nínú ìwọ̀n wa, a sì máa ń fún sọ́fítíwíà kó lè mọ àmì tó yẹ kó gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu jù. Ẹ fa ìlà yín, ẹ kọ àìdájú tó bá a wá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sọ gbogbo àṣìṣe ìwọ̀n náà di ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ tún fà á. Bí sọ́fítíwíà bá gbà yín gbọ́ pé ìwọ̀n yín burú tó bẹ́ẹ̀, àìdájú ìdáhùn náà yẹ kó di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí kò bá yí padà rárá, a jẹ́ pé ó kàn ń fi àṣìṣe yín wé ara wọn ni, bí ìdáhùn ṣe dájú tó sì ni ó fúnra rẹ̀ ń fojú bù láti inú ìfọ́nká àmì. `curve_fit` inú SciPy, irinṣẹ́ Python mìíràn, ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ kò bá yí i padà, gnuplot tó ń ya gíráàfù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn. Ọdún méjì ni mo fi ń kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìjábọ̀ láìmọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Ní 1973, onímọ̀ ìṣirò kan, Francis Anscombe, gbé détà mẹ́rin kalẹ̀, àmì mọ́kànlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpíndọ́gba x wọn jẹ́ 9, ti y jẹ́ 7.5, ìlà tó gba àárín wọn jẹ́ y = 3 + 0.5x, ìbáṣepọ̀ x àti y jẹ́ nǹkan bí 0.816 nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wá yà wọ́n: ọ̀kan fọ́n ká bó ṣe yẹ, ọ̀kan tẹ̀ kọdọrọ, ọ̀kan gún régé àfi àmì kan tó ṣìnà, ìkẹrin dúró ṣánṣán lójú kan, tó jẹ́ pé àmì kan ṣoṣo tó jìnnà ló fa ìlà náà síbi tó wà. Mo fi wọ́n sínú sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan láti mọ iye ìgbà tí mo gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan kí n tó fojú kan àwọn àmì náà. Ọ̀kan kọ ojú ìwé méjì ìṣirò fún mi kó tó fi àmì ẹyọ kan hàn mí. Mi ò fara mọ́ irú ìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Bí fáìlì ṣe ń wọlé náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí jíìnì mọ ohun tí Excel ń fi orúkọ SEPT1 àti MARCH1 ṣe: ó ń sọ wọ́n di ọjọ́ inú oṣù. Ọ̀rọ̀ náà burú dé ibi pé ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì èèyàn lórúkọ yí wọn padà, ó sì kéde rẹ̀ ní 2020 pé SEPT1 ti di SEPTIN1, MARCH1 ti di MARCHF1. Tiwa kéré sí ìyẹn: akẹgbẹ́ wa kan láti Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ́mà ṣe àmì désímà, fi fáìlì ránṣẹ́, 3,5 sì wọlé gẹ́gẹ́ bí 35. Ẹ fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ dán an wò.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò gùn. Nínú àwọn ọkùnrin tí ìran wọn wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan nínú méjìlá ni ojú rẹ̀ kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé dáadáa. MATLAB, sọ́fítíwíà ìṣirò kan, ti pa àwọ̀ òṣùmàrè tó ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn tì ní 2014, matplotlib, tó ń ya gíráàfù nínú Python, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Bí sọ́fítíwíà kan bá ṣì ń fún yín ní òṣùmàrè láìjẹ́ pé ẹ béèrè, ẹ yí i padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé gíráàfù jáde, PDF tàbí SVG ni kí ẹ máa wá, kí létà má baà di wúruwùru bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́.

Kò sí ọ̀kan tó yege nínú ohun gbogbo. R la fi ń ṣe gbogbo ohun tó bá máa jáde sójú ayé báyìí, gbogbo ìgbésẹ̀ sì wà nínú script, ìyẹn fáìlì àṣẹ tí ẹlòmíì lè tún ṣe láti òkè délẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ nira fún wa, mi ò ní purọ́. Àwọn tí kò fẹ́ràn àtikọ kóòdù ní sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ń fi máòsì lò, èyí tó ń kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òun ló yege jù nínú èyí tí a ní láti rà. Mo jà fitafita kí détà wa má ṣe wà nínú fáìlì tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló lè ṣí i. A ní fáìlì ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn tí a kò lè ṣí mọ́ nítorí pé láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti parí, bẹ́ẹ̀ script gnuplot, tó ti wà láti 1986, lẹ́tà lásán ni, ojú èèyàn á rí ohun tó wà nínú rẹ̀ kà bí ẹ̀rọ tilẹ̀ kọ̀ ọ́.

Gbogbo ìdánwò yìí wà nínú fóldà kan báyìí, àbúrò tó rí 24 ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ̀yà tuntun sọ́fítíwíà kankan bá dé, a kì í lò ó àfi kó ti gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó dé gbẹ̀yìn, àwo márùn-ún yẹn ló kọ́kọ́ fún un. Ó ya àmì náà sórí 24, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òdo méjì wà tí kò lè hàn lórí log. Àbúrò tẹ̀ síwájú sí nọ́ńbà mẹ́jọ.